Hubert Ògúndé: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè nípa ọlọ́pàá tó di bàbá tíátà

Ta ni Hubert Ògúndé gan-an?

Bí ẹ bá bi ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, yóò ní, "Ògúndé tó ṣe fíìmù Ayé." Bí ẹ bá bi bàbá ẹni yẹn, yóò ní, "Ògúndé Yorùbá Ronú." Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Hubert Adédèjì Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1916, tó sì jáde láyé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1990. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà ó fi ọdún márùnlélógójì ṣe tíátà láì padà sí iṣẹ́ mìíràn. Òun ló ń kọ eré, òun ló ń kọ orin, òun ló ń darí, òun ló ń ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, òun náà ló ń wá owó tí wọ́n yóò fi gbé eré dé ìlú kejì.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nípa rẹ̀, èyí ni mo máa mú: kí ó tó dé, alágbe ni aráyé ń pe ẹni tó bá ń fi orin àti ijó jẹun. Ògúndé ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ní owó oṣù. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè nípa rẹ̀, títí dé ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó rẹ̀, inú ìyẹn ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà?

Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, Jeremiah Ògúndé. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí ìyá rẹ̀, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni, Ifá ló ń bọ, Ògúndé sì gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ wo ọmọ kan tó ń gbọ́ orin ìsìn lọ́dọ̀ bàbá, tó ń gbọ́ ẹsẹ Ifá lọ́dọ̀ bàbá àgbà, tí egúngún bá sì jáde ní ìlú, ó ti tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọmọ yẹn dàgbà tó ń kọ eré, kò sí èyí tó jù nù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó kàwé ní Ọ̀sọ̀sà, ó kàwé ní Fàájì l'Ékòó, ó sì parí ní ilé-ẹ̀kọ́ Wáṣimi ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1932. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó di tíṣà, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ó ṣe ọlọ́pàá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, nígbà tó ṣe wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀bùté-Mẹ́tta l'Ékòó. Ibẹ̀ ló ti dara pọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà, Ìjọ Olúwa. Ìjọ náà ń wá owó ilé ìsìn tí wọ́n fẹ́ kọ́, wọ́n sì ní kí ọ̀gbẹ́ni ọlọ́pàá tó mọ orin yìí bá wọn ṣe eré kan.

Eré tó ṣe fún wọn ni The Garden of Eden and the Throne of God, ìyẹn Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run. Glover Memorial Hall l'Ékòó ni wọ́n ti ṣe é ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1944, Nnamdi Azikiwe sì wà níjokòó lọ́jọ́ náà. Èrò pọ̀, eré dùn, wọ́n ní kí ó tún un ṣe. Lọ́dún kejì, 1945, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní African Music Research Party, ó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìkẹyìn yẹn. Iṣẹ́ ọba ni iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà. Owó rẹ̀ ń wọlé ní ìparí oṣù, òbí ń fi í yangàn. Kí ènìyàn bọ́ aṣọ ọba sílẹ̀ kí ó lọ máa jó fún èrò lálẹ́, ọ̀rọ̀ ni yóò dá sílẹ̀ ní ilé pásítọ̀. Mo tilẹ̀ rò pé ìdí tí orúkọ ẹgbẹ́ náà fi dà bí ti àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣe ìwádìí nìyẹn: ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò jáde lọ tọrọ jẹ.

Kí ni eré rẹ̀ fi yàtọ̀ sí kantátà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ṣe tẹ́lẹ̀?

Kantátà wà l'Ékòó kí Ògúndé tó dé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin á dúró tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á fi orin sọ ìtàn inú Bíbélì, èrò á pàtẹ́wọ́, ó parí. Ògúndé mú ìlù wọ inú rẹ̀, ó mú ijó wọ inú rẹ̀, ó sì ní kí òṣèré ṣe bí ẹni tó ń ṣe: bí inú bá ń bí ọba, kí ènìyàn rí ìbínú lójú rẹ̀. Nígbà tó yá ó dín orin kù, ó jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lásán bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ nílé, kò sì pẹ́ tó fi kúrò nínú ìtàn Bíbélì bọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ní ìgboro.

Kì í ṣe òun ló dá eré àgbékiri sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn alárìnjò, àwọn eégún apidán, ti ń gbé eré láti ìlú dé ìlú fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ kí òyìnbó tó dé. Ohun tí Ògúndé ṣe ni pé ó mú ẹsẹ̀ alárìnjò, ó fi wọ bàtà gbọ̀ngàn: tíkẹ́ẹ̀tì, iná mànàmáná, aṣọ ìkélé, fèrè sásofóònù.

Báwo ni ọjọ́ eré kan ṣe máa ń rí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kí ẹgbẹ́ tó dé, àwọn kan á ti ṣáájú lọ lẹ pátákó ìpolówó mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ eré, ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ Ògúndé sí lára á yí ìlú po pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e. Gbọ̀ngàn ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Ẹni tó ṣe olorì lórí ìtàgé lè jẹ́ ẹni tó já tíkẹ́ẹ̀tì yín lẹ́nu ọ̀nà.

Orin ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn òṣèré ń pè ní opening glee, ló máa ń ṣáájú. Àwọn obìnrin á tò síta nínú aṣọ kan náà, wọ́n á jó, Ògúndé á wá bọ́ sí àárín wọn pẹ̀lú orin. Orin yẹn lè má kan ìtàn tó ń bọ̀ rárá. Ìkíni ni, ìkìlọ̀ ni, ó sì ń fún ẹni tó pẹ́ dé láyè láti wá ibi jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ìlú mìíràn.

Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo obìnrin tó ń bá a ṣeré ló fi ṣaya?

Púpọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn máa ń béèrè é tẹ̀rín-tẹ̀rín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Nínú eré alárìnjò, ọkùnrin ló máa ń wọ aṣọ obìnrin. Ògúndé fẹ́ obìnrin gidi. Ní 1946 ó kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá àwọn obìnrin tí òun yóò máa sanwó fún láti ṣeré, irú ìkéde tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Ìṣòro tó bá níbẹ̀ nìyí: òbí kì í fẹ́ kí ọmọ òun lọ máa jó káàkiri pẹ̀lú ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì gbà fún, tí Ògúndé bá ti fi ọdún méjì kọ́ ọ ní ijó, orin àti bí a ṣe ń dúró lórí ìtàgé, ọkọ á dé, ọkọ á ní ìyàwó òun kò ní ṣe tíátà mọ́. Ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀ ni pé ó fẹ́ wọn. Ẹnu ará ìta pa mọ́ báyìí, nítorí obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò rìn ní ìrìnkurìn. Ẹgbẹ́ náà sì di agbo ilé.

Mi ò sọ pé ọ̀nà yẹn kò ní ìnira tirẹ̀ fún àwọn obìnrin náà. Ọkọ wọn ni ọ̀gá wọn, ilé wọn ni ibi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń tọ́mọ lórí ìrìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí wọ́n ṣe: àwọn ni obìnrin àkọ́kọ́ tó fi ṣíṣe eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń lùlù, wọ́n ń fọn fèrè. Nígbàkúùgbà tí a bá ń yin Ògúndé, ó yẹ kí a máa fi orúkọ Clementina Adéṣẹ̀wà ṣáájú tiwọn, ìyàwó tó bá a bẹ̀rẹ̀. Jàmbá ọkọ̀ ló pa á ní 1970, lójú ọ̀nà iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi wà lẹ́nu rẹ̀ bí a bá kà á láti ìgbà ìkéde yẹn.

Kí ló dé tí ìjọba òyìnbó fi ń lé e kiri?

Nítorí ó ń gbé ìròyìn sórí ìtàgé kí ó tó tutù. Ní oṣù kẹfà 1945 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọjà ti gbówó lórí nígbà ogun, owó oṣù wọn kò sì kúrò lójú kan. Michael Imoudu ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn tó ṣáájú. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ògúndé gbé Strike and Hunger jáde, eré nípa ọba àjèjì kan tó fi ebi pa àwọn ará ìlú. Kò pe orúkọ òyìnbó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Jọs, àwọn aláṣẹ dá eré dúró, wọ́n sì mú un lọ sí kóòtù.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, ènìyàn 21 kú. Ní 1950 Ògúndé ti ń ṣe Bread and Bullet, búrẹ́dì àti ọta ìbọn. Kano fòfin dè é. Ẹ rántí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń sunkún àwọn awakùsà Enugu níwájú èrò Kano. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí, ó yí ojú tí mo fi ń wo ọkùnrin yìí padà, torí láti kékeré ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti babaláwo nìkan ló mọ̀.

Ìjọba nìkan kọ́ ló ń bá wí. Human Parasites, tó ṣe ní 1946, aṣọ ẹbí ló dojú kọ: àwọn tó ń jẹ gbèsè kí wọ́n lè bá ẹgbẹ́ dá aṣọ. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún báyìí, wọ́n lè ṣe é ní Sátidé tó ń bọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa yí padà.

Kí ni ìtàn Yorùbá Ronú?

Ní 1962 ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fọ́ sí méjì, Awólọ́wọ̀ lápá kan, Akíntọ́lá lápá kejì. Ìjà bẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, ní 1963 sì ni wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Akíntọ́lá padà sípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Ní 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tó wà nítòsí Akíntọ́lá, ní kí Ògúndé wá ṣeré fún ìpàdé wọn ní Ìbàdàn. Eré tó gbé wá ni Yorùbá Ronú. Nínú rẹ̀, igbákejì ọba bá ọ̀tá dìmọ̀ pọ̀, ó fi ọba rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sọ ọba sẹ́wọ̀n, ìyà sì bọ́ sórí ará ìlú. Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn lọ́dún yẹn kò nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi lábẹ́ ìjọba náà. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń fi eré jẹun. Ìbàdàn lọ, Abẹ́òkúta lọ, Oǹdó lọ, Èkìtì lọ, Òṣogbo lọ. Ìjẹ̀bú-Òde pàápàá lọ, kò lè ṣeré nílé bàbá rẹ̀. Èkó ló kù, nítorí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà, àti apá Àríwá, níbi tí èrò tó gbọ́ Yorùbá kò ti tó nǹkan bí a bá yọ Ìlọrin kúrò. Agbo ilé kan odindi ló ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹnì kan.

Kò tọrọ àforíjì. Eré tó fi fèsì ni Òtítọ́ Korò. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní 1966, Fájuyì tó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn mú òfin náà kúrò ní oṣù kejì. Àwo orin Yorùbá Ronú ti dé ibi tí eré kò lè dé nígbà náà, títí dòní sì ni wọ́n ń lò ó nígbàkúùgbà tí òṣèlú bá fẹ́ pín wa níyà.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù?

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà. Ní 1976 Ọlá Balógun ti ya Àjàní Ògún, tí Dúró Ládiípọ̀ àti Adé Afọláyan tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Love wà nínú rẹ̀, àwọn ọlọ́jà tíátà sì rí i pé èrò ń wọ́ tìrítìrí lọ wo Yorùbá lórí aṣọ fíìmù. Ògúndé àti Ọlá Balógun jọ ṣe Ayé, tó jáde ní 1979. Jáíyésinmi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Àròpin Ń Tènìyàn, lẹ́yìn náà Àyànmọ́ ní 1988. Fíìmù mẹ́rin péré, láàrin ọdún mẹ́sàn-án.

Bó ṣe ń gbé eré kiri náà ló gbé fíìmù kiri. Wọ́n á polówó, wọ́n á gba gbọ̀ngàn, ènìyàn á sanwó ìwọlé, pàápàá lásìkò Iléyá, Àjíǹde àti Kérésìmesì. Nínú Ayé òun fúnra rẹ̀ ni babaláwo Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà kí ìlú lè sinmi. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí níbẹ̀. Kì í pariwo. Ó ń pe ọfọ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan tó ti mọ̀ láti inú oyún, ẹ ó sì gbọ́ bàbá àgbà Ọ̀sọ̀sà nínú rẹ̀.

Ṣé òun ló kó ọ̀rọ̀ àjẹ́ wọ inú fíìmù Yorùbá?

Wọ́n sábà máa ń dá a lẹ́bi fún un. Lóòótọ́, lẹ́yìn Ayé àìmọye fíìmù ló dé tó jẹ́ àjẹ́ àti ọfọ̀ pípè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò sì ro pé gbogbo wọn ló ṣe wá láǹfààní. Àwọn ìyá arúgbó kan ti jìyà lọ́wọ́ ìfura tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń bọ́. Ṣùgbọ́n nínú ti Ògúndé, ìjà rere àti ibi ló wà níbẹ̀, ìlú ló sì ń jà fún. Àwọn tó tẹ̀ lé e mú ẹ̀rù, wọ́n fi ìlú sílẹ̀.

Ṣé ó ti bá àwọn ará òkè òkun ṣiṣẹ́?

Ní 1947 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tíátà lọ́hùn-ún. Ní 1967 ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣojú Nàìjíríà níbi àfihàn àgbáyé Expo 67 ní Montreal ní Kánádà. Èyí tó kẹ́yìn ni Mister Johnson, fíìmù tí Bruce Beresford darí, tí wọ́n yà ní agbègbè Bauchi. Maynard Eziashi ló ṣe Johnson, Pierce Brosnan ṣe òyìnbó olóyè, Ògúndé sì ṣe Brimah, bàbá ìyàwó Johnson. Ipa kékeré ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú ní ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí láyé nígbà tí àwọn èrò ń wo fíìmù náà.

Kí ló fi sílẹ̀ fún àwọn òṣèré yòókù?

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tíátà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n nílò ìṣọ̀kan, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún ANTP, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà Nàìjíríà. Fásitì Ifẹ̀ àti ti Èkó fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Láàrin 1980 àti 1989, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kó àwọn òṣèré jọ sí ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè, òun ni wọ́n fi síwájú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Ọyin Adéjọbí, Moses Ọláìyá tí í ṣe Bàbá Sàlá, oníkálukú wọn ló ní ọ̀nà tirẹ̀, kì í sì í ṣe Ògúndé ló kọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń jáde nílé pé àwọn fẹ́ lọ fi eré jẹun, ẹnì kan ti wà tí wọ́n lè nawọ́ sí fún òbí wọn.

Níbo ni kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orin Yorùbá Ronú, kí ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú àgbàlagbà kan tó wà láyé ní 1964, kí ẹ sì jẹ́ kó máa dá ọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, Ayé. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé, Èbùn Clark kọ ọ̀kan nípa rẹ̀ tó jáde ní 1979, ọkùnrin náà ṣì wà láyé nígbà náà. Bí ẹ bá sì ń kọjá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ yà sí Ọ̀sọ̀sà. Ibẹ̀ ló kọ́ ilé àti ọgbà tí wọ́n ti ń ya fíìmù sí, kì í ṣe Èkó, níbi tí owó wà.